Eré olórin nípa àlejò tó ń bá wa ṣiṣẹ́: kí ni àwọn ará Kòríà ṣe tí a lè mú lò?

Olùkọ́ Eré, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi. Mo ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní eré ìtàgé ní Ìkẹ́rẹ́ níbí, eré kan tí a ń múra rẹ̀ lọ́wọ́ ló gbé mi wá. Eré olórin ni. Ó dá lórí ọmọkùnrin Ìgbìrà kan tó wá ṣe iṣẹ́ ọdún lóko kòkó ní apá Ìkọ̀lé. Ẹ̀yin náà mọ bí iṣẹ́ ọdún ṣe ń lọ: ọmọ náà á máa jẹ níbẹ̀, á máa sùn níbẹ̀, á kọ ebè, á ro oko, á já kòkó. Tí ọdún bá yí po, wọ́n á ka owó fún un, tàbí kí wọ́n ra ọ̀kadà fún un kó gùn ún lọ sílé. Nínú eré wa, ọdún yí po, ọ̀gá ní kòkó ò ṣe dáadáa. Ohun tí mo fẹ́ kí àwa ará Èkìtì jókòó wò nìyẹn, nítorí a mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀.

Wàhálà mi rèé. Nígbàkigbà tí a bá ń dán eré náà wò tí àwọn aládùúgbò wá jókòó, bí ọmọ tó ń ṣe Ìgbìrà bá ti la ẹnu, tó fi ohùn Òkènè sọ Yorùbá, ẹ̀rín ti gba gbogbo gbọ̀ngàn. Ó lè máa sọ pé ìyá òun kú kí òun tó délé, wọ́n á ṣì máa rẹ́rìn-ín. Mi ò dá wọn lẹ́bi jù. Ó ti pẹ́ tí fíìmù wa ti kọ́ wọn bẹ́ẹ̀: Hausa tó ń ṣọ́ géètì, ọmọ Kútọnu tó ń ṣiṣẹ́ ilé, Ìgbò tó ń tajà, ohùn wọn la fi ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Ó ti mọ́ wọn lára. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí, torí pé ọmọ tó ń ṣe é mọ iṣẹ́, ọ̀rọ̀ tó sì ń sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ló mú Kòríà wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Fíìmù Kòríà ni wọ́n ń wò lórí fóònù láti àárọ̀ dalẹ́. Mo ní kí wọ́n bá mi wá a wò bóyá àwọn ará ibẹ̀ ti gbé àlejò sórí ìtàgé rí, ni wọ́n bá kan eré olórin kan tí wọ́n ń pè ní Bballae, ìyẹn Aṣọ Fífọ̀. Obìnrin kan, Chu Min-joo, ló kọ ọ́, òun náà ló darí rẹ̀. Min Chan-hong ló ṣe orin rẹ̀. Iṣẹ́ àṣekágbá ilé-ìwé ni ní 2003, ní yunifásítì iṣẹ́ ọnà ti ìjọba Kòríà, kó tó di pé wọ́n gbé e sórí ìtàgé fún gbogbo èèyàn ní 2005. Láti ìgbà náà, wọ́n ti ṣe é ju ìgbà 5,000 lọ. Ẹni tó gbà mí lọ́kàn nínú rẹ̀ ni Solongo, ọmọ Mòǹgólíà tó ń ṣiṣẹ́ ní Seoul láìní ìwé ìgbélùú, tí wọ́n sì jẹ ẹ́ lówó iṣẹ́. Ọmọ oko Ìkọ̀lé mi gan-an ni!

Ẹni tó bá ti wò ó, ẹ jọ̀wọ́: báwo ni Solongo ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí ìtàgé? Ṣé àwọn òǹwòran máa ń fi ohùn rẹ̀ rẹ́rìn-ín? Kí ni ẹni tó kọ ọ́ ṣe tó fi mú wọn kúrò nínú ẹ̀rín bọ́ sínú ọ̀rọ̀? Ẹni tí kò wò ó àmọ́ tó mọ nǹkan kan nípa bí a ṣe ń fi àlejò ṣeré, kó dá sí i. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára.

Ọmọ Ìjerò ní ìdálẹ̀:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Mo kàwé ní Seoul, mo sì wo Bballae níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọ̀nà, torí ojú ọ̀nà náà wà lára ọ̀rọ̀. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Hyehwa lèèyàn ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Daehangno, àdúgbò tí ilé eré kéékèèké kún fọ́fọ́. Lọ́jọ́ Sunday, bí ẹ bá rìn díẹ̀ láti ibẹ̀, ẹ ó bá àwọn ọmọ Filipíìnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì jáde. Wọ́n á ti pàtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì: ẹja gbígbẹ, ọṣẹ, oúnjẹ inú agolo, oríṣiríṣi nǹkan ìlú wọn. Tí ẹ bá wá wọ ilé eré, ẹ ó tún bá ọmọ Filipíìnì kan lórí ìtàgé, Michael, ẹni tí òun àti Solongo jọ ń gbé. Ẹni tí wọ́n ń kọrin nípa rẹ̀ nínú ilé àti ẹni tó ń ta ẹja gbígbẹ níta, ìrìn díẹ̀ ló wà láàárín wọn. Lọ́jọ́ tí mo lọ, ọ̀pọ̀ èèyàn sunkún. Nígbà tí a jáde, mo ń wò ó bóyá wọ́n á yà sí ọ̀nà ọjà yẹn. Ọ̀pọ̀ jù lọ gba ọ̀nà ibùdó ọkọ̀ lọ.

Ní ti ohùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni, ohùn àjèjì ni òṣèré náà fi ń sọ̀rọ̀, àwọn èèyàn sì rẹ́rìn-ín níbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ rárá tí òun àti Michael fi kọ orin kan tí kókó rẹ̀ jẹ́ pé: mo gbọ́ èdè Kòríà tán pátá. Ẹni tó ti ń rẹ́rìn-ín wá rí i pé ẹni tí òun ń fi rẹ́rìn-ín ń gbọ́ gbogbo ohun tí òun ń sọ. Ara gbogbo wa nínú ilé eré ló yí padà. Lẹ́yìn náà ni Solongo wá kọ orin Cham yeppeoyo sí Na-young, ọmọbìnrin tí ọkàn rẹ̀ fà sí, tó ń sọ fún un pé ó rẹwà gidi. Òun ni orin tí gbogbo èèyàn mọ̀ jù nínú eré náà. Àwọn tí kò tíì wò ó rí pàápàá ń kọ ọ́. Ẹ kíyè sí ohun tí Chu Min-joo ṣe níbẹ̀: ó kó orin tó dùn jù fún àlejò. Mo fẹ́ bi yín, ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ni orin tó dùn jù nínú eré tiyín? Tó bá jẹ́ ọmọ ọ̀gá oko ló ni ín, ẹ ti rí ibi tí ẹ̀rín ti ń wá.

Ohun kejì ni pé Na-young náà kì í ṣe ọmọ Seoul. Gangwon ló ti wá, agbègbè olókè bíi tiwa. Ilé ìtàwé ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ lé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láìtọ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀ síi, òun náà fojú winá. Lórí òrùlé tí wọ́n ń sá aṣọ sí ló ti pàdé Solongo, nígbà tí atẹ́gùn gbé aṣọ. Ìyá onílé wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tó ń fọ aṣọ tí ọmọ rẹ̀ fi ń dìdí. Ọmọ náà ti dàgbà, ó ti lé lógójì ọdún, àmọ́ kò lè ṣe ohunkóhun fún ara rẹ̀, ìyá rẹ̀ kò sì jẹ́ kí aráyé rí i. Nítorí náà kò sẹ́ni tí ara tù ní àdúgbò yẹn. Bí Solongo bá jáde sórí ìtàgé, kì í ṣe àárín àwọn tó yó ló jáde sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí kò fi lè lọ fẹjọ́ sùn nígbà tí wọ́n jẹ ẹ́ lówó, torí ó wúlò fún ọ̀rọ̀ tiyín. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni Kòríà ti ń kó àwọn èèyàn láti ìlú mìíràn wá sí ilé-iṣẹ́ wọn, àmọ́ orúkọ tí wọ́n fún wọn ni ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Wọ́n ń ṣe iṣẹ́ òṣìṣẹ́, wọn ò gba ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́. Ọ̀pọ̀ sá kúrò níbi tí wọ́n fi wọ́n sí, wọ́n sì di ẹni tí kò ní ìwé. Ní January 1995, àwọn ọmọ Nepal 13 fi ṣéènì de ara wọn ní ọgbà kàtídírà Myeongdong láàárín Seoul, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má lu àwọn mọ́. Ní August 2004 ni òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, tó ka irú wọn sí òṣìṣẹ́. Síbẹ̀, òfin náà kò jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀gá kan sílẹ̀ lọ bá òmíràn bó ṣe wù wọ́n. Bballae bọ́ sórí ìtàgé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ní 2005 kò nílò àlàyé: ó ti rí àwọn èèyàn yẹn nínú ìròyìn.

Bballae kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe é. Ní 1994, Kim Min-ki gbé eré olórin kan jáde ní ilé eré rẹ̀, Hakchon, ó pè é ní Ọkọ̀ Abẹ́ Ilẹ̀ Ọ̀nà Kìíní. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Jámánì ló ti mú un: ilé eré GRIPS ní Berlin ló kọ́kọ́ ṣe é ní 1986, Volker Ludwig ló kọ ọ́. Níbẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin kan ti ìlú kékeré wá sí Berlin láti wá olólùfẹ́ rẹ̀. Kim Min-ki sọ ọmọbìnrin náà di ará Yanbian ní Ṣáínà: ọmọ Kòríà ni nínú ẹ̀jẹ̀, ó ń sọ èdè Kòríà, Ṣáínà ni wọ́n bí i sí. Ó dé Seoul láàárọ̀ kùtù, ó wọ ọkọ̀, gbogbo ohun tó rò nípa ìlú náà sì já sí òfo láàárín ọjọ́ kan. Wọ́n ṣe eré náà títí di òpin 2008, ó tó ìgbà 4,000. Ìyẹn ló ń dùn mí jù nínú méjèèjì, torí pé mọ̀lẹ́bí wọn ni wọ́n sọ di àlejò níbẹ̀.

Alàgbà Ẹ̀fọ̀n:

Olùkọ́ Eré, mo kí ọ, ọmọ mi. Olùkọ́ ni èmi náà kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ka gbogbo ohun tí ẹ kọ.

Mi ò wo eré Kòríà rí, ṣùgbọ́n mo wo egúngún aláré dáadáa nígbà èwe mi. Àwọn alárìnjò a máa gbé Tápà jáde, wọ́n a gbé Dàhọ̀mì jáde, wọ́n a gbé Gàmbàrí jáde, wọ́n a sì gbé Òyìnbó jáde pẹ̀lú imú gígùn àti irun dúdú tó nà gbọọrọ, òun àti ìyàwó rẹ̀ á máa jó ijó wọn, wọ́n á máa bọ àwọn èèyàn lọ́wọ́. Inú gbogbo wa a máa dùn. Ẹ̀rín kì í ṣe ọ̀tá rẹ, má gbìyànjú láti pa á. Ohun tí mo fẹ́ kí o rí ni pé Òyìnbó yẹn kì í sọ ti inú rẹ̀. Ó jáde, ó jó, ó wọlé. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó gbé e kúrò nílùú rẹ̀, kò sẹ́ni tó béèrè. Tí ọmọ Ìgbìrà rẹ bá jáde tí kò tíì sọ ohun tó gbé e kúrò ní Òkènè, egúngún aláré ni wọ́n ń wò, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń ṣe fún egúngún aláré.

Bàbá mi gbé ní Kumasi. Ó ń tajà níbẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ lóko kòkó àwọn Asante. Ní November 1969, ìjọba Busia ní kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó fi ọjà sílẹ̀ níbẹ̀, àwọn tó jẹ ẹ́ lówó kò san án, ta ni yóò sì fẹjọ́ wọn sùn fún? Nígbà tí mo wá di olùkọ́, ọmọ Gánà kan ń bá wa kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ẹ̀yin tó dàgbà nígbà náà rántí pé wọ́n pọ̀ ní ilé-ìwé girama wa nígbà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ní January 1983, ìjọba Shagari ní kí wọ́n máa lọ. Ọkùnrin náà ń di ẹrù rẹ̀ sínú àpò aláwọ̀ mẹ́rin-mẹ́rin tí a ń pe orúkọ wọn mọ́ títí dòní, àwọn ọmọ tó kọ́ ní ìṣirò ń fi ohùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́nu géètì. Èmi tí wọ́n lé bàbá mi ní Kumasi wà níbẹ̀. Mo bá àwọn ọmọ náà wí gidigidi, mo sì bá ọkùnrin náà gbé ẹrù rẹ̀ dé gáréèjì.

Nítorí náà, mo ní ohun kan láti bá Ọmọ Ìjerò jiyàn lé lórí. Ìfẹ́ tí Solongo àti ọmọbìnrin yẹn ń fẹ́ra wọn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣé kí ọmọbìnrin ìlú tó fẹ́ràn àlejò ni àlejò tó di èèyàn lójú wa? Ìgbìrà àgbàlagbà tó ti rẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ nítorí ebè, tí kò sí ọmọge kankan tí yóò kọrin sí i, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ńkọ́? Owó ni wọ́n jẹ ẹ́. Má jẹ́ kí ìgbéyàwó gba ipò owó náà nínú eré rẹ. Bí aṣọ ìtàgé bá fẹ́ wá sílẹ̀, kí gbogbo wa ṣì rántí iye tí wọ́n jẹ ẹ́.

Ọmọ Òkènè l'Ádó:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ẹ̀yin alàgbà, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹbira ni mí, àwa tí ẹ ń pè ní Ìgbìrà, Adó ni wọ́n bí mi sí, ní apá Ajílósùn. Bàbá mi wá kọ ebè ní Èkìtì, kò padà mọ́. Mo ka ìbéèrè yìí lálẹ́ àná, n kò tètè sùn.

Olùkọ́, ohùn bàbá mi wúwo, tèmi kò wúwo. Bí mo bá wà lọ́jà Ọba tí mò ń ná iṣu, Èkìtì gidi ni mò ń sọ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé Ẹbira ni mí. Nítorí náà, wọ́n á máa sọ ti wa lójú mi. Wọ́n á ní àwọn yìí máa ń bínú jù, wọ́n á ní kí ẹni tó gbà wọ́n sóko máa ṣọ́ra. Mo ń gbọ́, mo ń sanwó iṣu, mo ń lọ. Orin tí Ọmọ Ìjerò sọ yẹn, tí wọ́n fi ń sọ pé àwọn gbọ́ èdè tán, ó wọ̀ mí lára nígbà tí mo kà á. Ẹ fi ẹnì kan bíi tèmi sínú eré yín. Ẹ jẹ́ kí Ẹbira jẹ́ méjì: ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ohùn rẹ̀ wúwo, èkejì jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí síbí, tó wà láàárín àwọn ará ìlú lórí ìtàgé láti ìbẹ̀rẹ̀, tó ń bá wọn jó, tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn òǹwòran kò mọ ẹni tó jẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín ẹni àkọ́kọ́ tẹ́rùn. Kí èkejì wá sọ orúkọ bàbá rẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lu ọmọ náà. Mo gbọ́ pé wọ́n lu Solongo nínú eré Kòríà yẹn, bóyá ó yẹ níbẹ̀, torí wọ́n ń lu àwọn òṣìṣẹ́ wọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ti sú mi kó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá nà wá tàbí tí a bá kú ni àwọn èèyàn ń rí wa bí èèyàn. Ẹ kọ bí a ṣe ń ṣírò owó. Bàbá mi mọ iye ebè tó kọ lóko kọ̀ọ̀kan láti ọdún tó ti pẹ́ láìkọ ọ́ sílẹ̀, ó mọ ẹni tó san owó àti ẹni tó fún un ní ilá dípò owó. Ẹ kọ wàhálà owó ilé-ìwé, ẹ kọ ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ sílé tó sì ń purọ́ lórí fóònù pé òun ti jẹun.

Ẹ sì kọ Ekuechi. Ìparí ọdún ló máa ń wáyé nílé wa, òru ni, àwọn olórin á kọrin títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹni tó ti lọ síṣẹ́ á fẹ́ padà wálé fún un, kò sì fẹ́ padà lọ́wọ́ òfo. Ọdún iṣẹ́ pé, Ekuechi dé, owó kò dé: eré yín ti wà níbẹ̀. Orin tó dùn jù tí ẹ fẹ́ fún un, ẹ jẹ́ kó fi Ẹbira kọ ọ́, kí ẹ má túmọ̀ rẹ̀. Solongo fi èdè àwọn olówó rẹ̀ kọ orin ìfẹ́ rẹ̀, ó dára. Tiwa, kó jẹ́ èdè ìyá rẹ̀. Ẹni tó jókòó níbẹ̀ tí kò gbọ́ ọ, kó di àlejò fún ìwọ̀nba ìgbà tí orin náà fi ń lọ.

Ọmọ Ìjerò ní ìdálẹ̀:

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Òkènè, ẹ ṣeun gan-an. Mo ka tiyín ní àkàtúnkà.

Alàgbà, ohun tí ẹ sọ nípa ìfẹ́ tọ̀nà ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí òfin Kòríà náà ṣe rí nìyẹn. Ní 2008, wọ́n ṣe òfin láti ṣètìlẹ́yìn fún ìdílé tí àṣà wọn pọ̀ ju ọ̀kan lọ. Ìdílé tí òfin náà ń sọ jù ni ti àwọn obìnrin Vietnam, Ṣáínà àti Filipíìnì tó fẹ́ ọkùnrin Kòríà. Ìjọba ń kọ́ wọn ní èdè, wọ́n ń bójú tó àwọn ọmọ wọn. Ní 2012, Jasmine Lee tí wọ́n bí ní Filipíìnì wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó wá lábẹ́ òfin 2004 kò lè mú ìyàwó tàbí ọmọ rẹ̀ wá, tí àkókò rẹ̀ bá sì pé, ilé ló ń lọ. Ẹni tó fẹ́ wa, a gbà á. Ẹni tó kàn ń ṣiṣẹ́ fún wa, kó máa lọ. Eré tó fi ìfẹ́ gba àlejò ń tọ ọ̀nà kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkàn ẹni tó kọ ọ́ mọ́.

Ohun mìíràn tí mo gbàgbé, èyí tó kan ẹni tí yóò ṣe eré yín: àwọn gbajúmọ̀ tí mo mọ̀ pé wọ́n ti ṣe Solongo, irú bíi Hong Kwang-ho, ọmọ Kòríà ni wọ́n. Ó kọrin dáadáa, mi ò bu ú kù. Àmọ́ àwọn ọmọ tí ìyá wọn tàbí bàbá wọn ti ibòmíràn wá ti dàgbà níbẹ̀ báyìí, èdè Kòríà lèdè wọn. Han Hyun-min tó ń ṣe móòdẹ́lì aṣọ, tí wọ́n bí ní 2001, ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní Seoul, mo máa ń rí àwòrán rẹ̀, mo sì máa ń rò ó pé ọjọ́ wo ni irú rẹ̀ yóò bọ́ sórí ìtàgé Daehangno, tí yóò ṣe ọmọ Kòríà tó jẹ́, kì í ṣe àlejò. Ẹ̀yin kò ní láti dúró dè é ní Ìkẹ́rẹ́. Ọmọ Ẹbira wà ní gbogbo ìlú wa.

Olùkọ́ Eré, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì:

Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Mo tẹ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé, mo sì kà á fún àwọn ọmọ náà níbi ìdánwò eré. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a fẹ́ ṣe.

Ìbéèrè Ọmọ Ìjerò nípa orin ló kọ́kọ́ mú mi. Ọmọ ọ̀gá oko ló ni orin tó dùn jù lóòótọ́: orin nípa bí kòkó ṣe sọ bàbá rẹ̀ di ẹni ńlá, pẹ̀lú ìlù àti ijó. Orin náà yóò wà, ṣùgbọ́n yóò lọ sí ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí gbogbo èèyàn ṣì ń gbádùn ara wọn. A ti ya ibi orin Ekuechi sọ́tọ̀ ní alẹ́ tí ọdún iṣẹ́ pé. Ọmọ tó ní ohùn jù lọ nínú ẹgbẹ́ wa ni yóò kọ ọ́.

Ẹni kejì tí wọ́n bí síbí, a ti ń kọ ọ́. Ọmọbìnrin ni a fi ṣe, torí àwọn ọmọ náà ní obìnrin ló máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ jù lọ́jà. Yóò máa tajà láàárín àwọn yòókù láti ìran àkọ́kọ́, yóò sì máa fi Èkìtì pé ṣánṣán bá wọn ṣàríyànjiyàn. Ìgbà tí ọ̀gá bá ń sọ fún àwọn ará ọjà pé òun kò ní san owó náà, torí ibo ni ọmọ náà fẹ́ gbé òun lọ, ìgbà yẹn ló máa sọ̀rọ̀.

Alàgbà, mo ti yọ ìgbéyàwó kúrò. Ó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọmọ ọ̀gá ni ì bá fẹ́ ọmọkùnrin náà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi sunkún nítorí rẹ̀, torí òun ni ì bá ṣe ìyàwó. Mo ti fún un ní ọmọbìnrin ọjà. Iye owó náà, ṣé ẹ rí i, orí pátákó ńlá kan ni a máa kọ ọ́ sí lẹ́yìn ìtàgé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gẹ́gẹ́ bí àwọn alágbàtà kòkó ṣe ń kọ iye kílò. Kò sẹ́ni tí yóò nù ún kúrò àfi tí wọ́n bá san án. A kò tíì fẹnu kò lórí bóyá wọ́n á san án. Àwọn ọmọ ń bá ara wọn jà lórí rẹ̀, mo sì fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń jà.

Ibi tí ọwọ́ mi kò ká ni èdè. Nínú gbogbo wa, kò sí ẹni tó gbọ́ Ẹbira. Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Òkènè, mo kúnlẹ̀: ṣé ẹ lè wá sí Ìkẹ́rẹ́ wá kọ́ ọmọ náà ní orin kan? A máa ń pàdé ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Owó ọkọ̀ yín wà lọ́wọ́ mi, owó iṣẹ́ yín náà wà, mo sì fẹ́ kí orúkọ yín wà nínú ìwé eré náà.

Ọmọ Òkènè l'Ádó:

Mo máa wá, Sátidé tó ń bọ̀. Bàbá mi ní òun náà ń bọ̀, torí òun gbọ́ pé ẹ fẹ́ fi Ekuechi ṣeré, ó sì ní àwọn orin kan wà tí a kì í kọ lójú obìnrin, kí ẹ má lọ mú èyí tí kò tọ́. Òun ló máa yan èyí tí ẹ lè kọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá àga tó ní ẹ̀yìn fún un, ẹ̀yìn ń dùn ún.